Bí A Ṣe Ń Yẹ Láptọ́ọ̀pù Àlòkù Wò Kó Tó Dé Ọwọ́ Oníbàárà

Ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀rọ gan-an ni ẹ̀rọ tètè máa ń tàn jẹ. Ti ara mi ni mò ń sọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù àlòkù kan wá tí ọkàn mi fà mọ́ lójú ẹsẹ̀. Prósẹ́sọ̀ rẹ̀ (ọpọlọ tó ń ṣe ìṣirò) le, RAM rẹ̀ (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ sí) pọ̀, ara rẹ̀ ń dán. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi ń wo bó ṣe ń sáré, mo sì gbé e sórí tábìlì ìtajà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹni tó rà á gbé e padà wá. Lẹ́tà "n" kì í jáde àfi téèyàn bá gbá bọ́tìnì rẹ̀. Mo mọ gbogbo oríkì prósẹ́sọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n mi ò tẹ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ wò.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwé kan. Ìlà kan péré ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà: "Tẹ gbogbo bọ́tìnì." Ó ti di ojú ewé méjì báyìí, òun ni mo sì fẹ́ tú sílẹ̀ níbí fún ẹni tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà tó wá ń wọ iṣẹ́ títà rẹ̀, tàbí ẹni tó kàn fẹ́ ra àlòkù tí kò sì fẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ tò ó báyìí ni. Ohun tó lè mú kẹ́ ẹ kọ ẹ̀rọ náà pátápátá ló ṣáájú, ohun tó ń jẹ àkókò ló kẹ́yìn. Àǹfààní wo ló wà nínú kéèyàn fi odindi òru dán RAM wò lórí ẹ̀rọ tí ẹni tó ni ín ti tì pa?

1. Ta ló ni ín?

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbé e wá tan án fúnra rẹ̀, kó fi pásíwọ́ọ̀dù wọlé níwájú yín. Ẹni tó bá ní òun ló ni ẹ̀rọ tí kò sì lè wọ inú rẹ̀, ẹ fi sùúrù dá a lóhùn, ẹ má sì rà á. Ìtàn tó máa sọ lè dùn, àmọ́ ẹ̀yin kọ́ lẹ máa sọ ọ́ fún ọlọ́pàá.

Bó bá wọlé, kó yọ àkáǹtì rẹ̀ kúrò níṣojú yín. Lórí Mac, Find My, ìyẹn ètò tí Apple fi ń wá ẹ̀rọ tó sọnù, ni kó pa. Bí kò bá pa á, Activation Lock lè máa béèrè orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti nu inú ẹ̀rọ náà tán, kò sì sẹ́ni tó lè fi ọ̀nà ẹ̀tọ́ ṣí i àfi ẹni tó ni àkáǹtì yẹn, tàbí Apple fúnra rẹ̀ bí ìwé ìrajà bá wà nílẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ti ọ́fíìsì jáde ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ó lè mọ́ tónítóní, kí Windows tuntun wà lórí rẹ̀, síbẹ̀ kí ilé iṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì ní orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ tún Windows fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá béèrè. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ kan bá yọjú tó ní kẹ́ ẹ fi íméèlì iṣẹ́ wọlé, wọn ò tíì jọ̀wọ́ ẹ̀rọ náà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tà kọ̀ǹpútà ló máa ń fo íntánẹ́ẹ̀tì níbi yìí kí iṣẹ́ lè tètè parí. Wọn ò ní rí nǹkan kan. Oníbàárà ló máa rí i nínú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá tún inú rẹ̀ ṣe.

Ẹ wọ BIOS náà, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé. Bó bá béèrè pásíwọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ẹ dá a dúró. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ wé èyí tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí PowerShell, ibi tá a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, kẹ́ ẹ tẹ Get-CimInstance Win32_BIOS, ẹ máa rí i níwájú SerialNumber. Bí méjèèjì ò bá bára mu, a lè ti pààrọ̀ ìdí rẹ̀ tàbí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀. Ìyẹn nìkan ò sọ ọ́ di ẹrù olè, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń tà á lè sọ bó ṣe jẹ́.

2. Ẹ gbé e sórí ibi tó tẹ́jú

Ìgbésẹ̀ yìí ò gba ìṣẹ́jú méjì. Bí láptọ́ọ̀pù bá ń mì jẹ̀jẹ̀ lórí tábìlì tó tẹ́jú, tàbí tí ibi tá a ti ń fi ìka darí atọ́ka bá ga sókè díẹ̀, tí kò sì ṣeé tẹ̀ mọ́, ó lè jẹ́ pé bátìrì ló ń wú nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe so ṣájà mọ́ ọn, ẹ má ṣe fi ohun mímú tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì jù ú sínú pàǹtírí. Ibi tí wọ́n ti ń gba bátìrì lítíọ́ọ̀mù àlòpatì ló ń lọ. Bátìrì tó wú kì í padà sípò.

Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé, ní ìgbà mẹ́wàá, jẹ̀jẹ̀. Ẹ máa wo igun méjèèjì tí hínjì wà bóyá ike ibẹ̀ ń là. Ẹ tẹ́tí sí i pẹ̀lú, nítorí hínjì tó fẹ́ já máa ń dún kó tó já.

3. Orúkọ prósẹ́sọ̀: ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ oníbàárà jẹ jù

Níbí ni mo fẹ́ fìdí kalẹ̀ díẹ̀, nítorí pé níbí ni ẹni tó mọ ẹ̀rọ ti lè ṣe ọmọlúàbí, tàbí kó ṣe òdìkejì rẹ̀, láìsí ẹni tó máa mọ̀.

"Core i7" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara láptọ́ọ̀pù kì í sọ ohun púpọ̀ fúnni. Oníbàárà gbà pé méje ju márùn-ún lọ, ó sì tọ̀nà nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n ìran prósẹ́sọ̀ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò. Ẹ mú i7-4600U àti i5-8250U. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìran 4, core méjì péré, ìyẹn òṣìṣẹ́ inú prósẹ́sọ̀, ló ní. Èkejì jẹ́ ti ìran 8, core mẹ́rin ló ní. Ẹni tó ra i7 yẹn nítorí orúkọ ti ra àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì fi ọ̀dọ́ sílẹ̀ lórí pẹpẹ.

Báwo la ṣe ń kà á? Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé dáàṣì ni ẹ wò. Bó bá jẹ́ mẹ́rin, èyí àkọ́kọ́ nínú wọn ni ìran: 8250 jẹ́ ìran 8. Bó bá jẹ́ márùn-ún, méjì àkọ́kọ́ ni: 10210 jẹ́ ìran 10. Àwọn kan wà tó ń da orí rú, bí i7-1165G7. Mẹ́rin ni nọ́ńbà rẹ̀, síbẹ̀ ìran 11 ni. Lẹ́tà ìparí náà ní ìtumọ̀: U kì í jẹ iná púpọ̀, H lágbára, ó sì ń mú ẹ̀rọ gbóná. Láti December 2023 ni Intel ti ń kó àwọn prósẹ́sọ̀ kan jáde lábẹ́ orúkọ Core Ultra, láìsí lẹ́tà "i" yẹn mọ́, kò sì ní pẹ́ tí tiwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dé sórí tábìlì àlòkù.

Ìdí tí ìran fi ṣe pàtàkì báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni Windows. Ní October 14, 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró fún gbogbo ènìyàn. Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà kékeré tó ń pa kọ́kọ́rọ́ ààbò mọ́), Secure Boot (tó ń yẹ ètò wò kí ẹ̀rọ tó tan), RAM 4 GB ó kéré tán, àti àyè 64 GB. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, ìran 8 ni àkọsílẹ̀ prósẹ́sọ̀ Intel tí Microsoft fọwọ́ sí fún un ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ tpm.msc, ẹ máa rí bóyá TPM wà àti irú èyí tó jẹ́. Àwọn kan máa ń fọgbọ́n fi Windows 11 sórí ẹ̀rọ tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, èmi náà ní ọ̀kan nílé tí mo fi ń ṣeré. Ṣùgbọ́n mi ò lè tà á fún ẹni tí kò mọ ohun tí mo ṣe sí i, nítorí Microsoft ò ṣèlérí pé àtúnṣe á máa dé fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ lẹ fẹ́ tà, ẹ fi Linux, ètò míì tó ń rọ́pò Windows, sí i kẹ́ ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé Windows 10 ni ó lè gbé mọ.

Lójú ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti wo RAM. Ẹ ṣí Task Manager nínú Windows, abala Performance, Memory: ẹ máa rí iye rẹ̀, iyára rẹ̀, àti iye àyè tó wà fún un. Àwọn láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n ti jó RAM wọn mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ní ṣeé fi kún láé, oníbàárà sì gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó sanwó. Èyí tó ṣeé fi kún, ẹ wo irú rẹ̀ dáadáa. RAM láptọ́ọ̀pù DDR3 ní ẹsẹ̀ 204, DDR4 ní 260, DDR5 ní 262, ojú kọ̀ tó wà lára wọn ò sì sí níbì kan náà. Bí kò bá wọlé, ẹ má fi agbára tì í.

4. Ibi ìpamọ́

Oníbàárà á ra SSD (ibi ìpamọ́ tí nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀) 256 GB, á délé, á rí 238. Á padà wá pẹ̀lú ìbínú. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan: ẹni tó ṣe é ń ka GB kan sí báìtì 1,000,000,000, Windows sì ń kà á sí 1,073,741,824. Bẹ́ẹ̀ náà ni 512 ṣe ń di 476, tí 1 TB sì ń di 931. Mo máa ń sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ kúrò níwájú mi. Ó ti gbà mí lọ́wọ́ ẹjọ́ púpọ̀.

Ẹ ṣí CrystalDiskInfo, ètò tó ń sọ ìlera dísìkì. Bó bá jẹ́ háádì dísìkì oníyíyí, ìlà méjì lẹ ń wá: Reallocated Sectors Count àti Current Pending Sector Count. Oódo ló yẹ kó wà nínú wọn. Bí nọ́ńbà bá ti wà níbẹ̀, dísìkì náà ti ń kú, kódà bí gbogbo nǹkan bá ń ṣí. Bó bá jẹ́ SSD, ẹ wo ìdá ọgọ́rùn-ún ìlera rẹ̀ àti iye wákàtí tó ti lò. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní "a ò fi bẹ́ẹ̀ lò ó" tó wá ní wákàtí 20,000 lórí dísìkì rẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ sì tún iye tẹ́ ẹ fẹ́ san rò.

Èmi kì í jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù kankan jáde pẹ̀lú háádì dísìkì oníyíyí gẹ́gẹ́ bí ibi tí Windows wà. SSD onírú SATA, ọ̀nà ìsopọ̀ àtijọ́, ń kà tó 550 MB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, onírú NVMe lórí PCIe 3.0, ọ̀nà tó yá jù ú lọ, sì lè tó 3,500. Àwa tá a fẹ́ràn ẹ̀rọ máa ń jà lórí ìyàtọ̀ méjì yìí. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà tó sì ń wo fídíò ò ní mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹni tó bá kúrò lórí háádì dísìkì bọ́ sórí SSD èyíkéyìí, á rò pé ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n gbé fún òun. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ náwó sí. Kẹ́ ẹ tó ra èyí tẹ́ ẹ máa fi sí i, ẹ wo irú èyí tí bọ́ọ̀dù náà ń gbà, nítorí M.2, ojú ihò tí SSD tẹ́ẹ́rẹ́ ń wọ̀, lè jẹ́ SATA, ó lè jẹ́ NVMe, ẹ̀rọ míì sì wà tí ọ̀kan péré ló ń gbà nínú méjèèjì.

Bẹ́ ẹ bá ń ta fláàṣì pẹ̀lú, ẹ fi H2testw, ètò tó ń kọ nǹkan kún fláàṣì tó sì ń kà á padà, dán ọ̀kọ̀ọ̀kan irú tó bá wọlé wò. Ayédèrú wà tó ń pe ara rẹ̀ ní 128 GB tí kò ní ju 8 lọ nínú, ó sì máa ń gba gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kó sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó o jáde lẹ máa mọ̀.

5. Bátìrì àti ṣájà

Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ powercfg /batteryreport. Windows á kọ ìròyìn kan, á sì sọ ibi tó fi í sí. Nọ́ńbà méjì ló ṣe kókó: Design Capacity, ìyẹn iye tí bátìrì lè gbà nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, àti Full Charge Capacity, iye tó ń gbà báyìí. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000 mWh tí èkejì sì jẹ́ 38,000, ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Èyí tí kò bá tó 60, èmi a pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí n kọ ọ́ gàdàgbà sára ẹ̀rọ náà. Lórí MacBook, System Information ló ń sọ iye ìgbà tó ti kún tó sì ti tán. Apple ka 1,000 ìgbà sí òdiwọ̀n fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jáde láti nǹkan bí ọdún 2010.

Ṣùgbọ́n ìwé lè parọ́. Bátìrì kan fi 85 hàn mí rí, ó sì kú lójijì nígbà tó ku ìdá 40. Torí náà, ẹ yọ ṣájà, ẹ fi fídíò sí i, kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ míì lọ fún wákàtí kan. Ẹ kọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dé. Ẹ̀rọ tó bá máa pẹ́ lórí pẹpẹ, ẹ má fi bátìrì rẹ̀ sílẹ̀ ní kíkún tàbí ní òfìfo. Ìlàjì dára fún un jù.

Ní ti ṣájà, ẹ rántí pé volt gbọ́dọ̀ bára mu, amp lè pọ̀ ju èyí tí ẹ̀rọ ń béèrè lọ ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kéré sí i. Bó bá jẹ́ USB-C, ṣájà àti ẹ̀rọ máa ń bára wọn sọ̀rọ̀ kí iná tó wọlé, nítorí náà wàhálà volt ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Okùn ni wàhálà tirẹ̀. Okùn USB-C tí kò ní ìdánimọ̀ inú kì í gbé ju 60 W lọ, ẹ lè wá so ó mọ́ ṣájà 100 W kẹ́ ẹ máa bú ṣájà tí kò ṣẹ yín.

6. Ohun tí ọwọ́ àti etí ń dán wò

Lẹ́tà "n" ló kọ́ mi níbí. Ẹ ṣí ibi ìkọ̀wé, ẹ tẹ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wo bóyá ẹ̀ẹ̀kan náà ló jáde. Ẹ má gbàgbé àwọn tí wọn kì í kọ nǹkan, bí Shift méjèèjì àti àwọn bọ́tìnì òkè tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ẹ fi àwọ̀ kan ṣoṣo kún ojú rẹ̀ pátá, dúdú, funfun, pupa, àwọ̀ ewé, búlúù, kẹ́ ẹ wá àmì kékeré tí kò yí padà. Nínú dúdú, ẹ pa iná yàrá, ẹ máa rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ki fláàṣì bọ gbogbo ojú USB, kì í ṣe èyí tó sún mọ́ ọwọ́ yín nìkan. Kámẹ́rà, gbohùngbohùn, ojú hẹdifóònù. Ẹ gbé e lọ sí yàrá kejì kẹ́ ẹ wo bóyá Wi-Fi ṣì dúró. Ẹ pa ojú rẹ̀ dé kó sùn, ẹ ṣí i kó jí. Ìparí yìí ni mo rí pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni oníbàárà máa ṣe é.

7. Ohun tí ooru àti òru ń tú síta

RAM tí kò dáa máa ń ṣe bí àárẹ̀ tí kì í fara hàn níwájú dókítà. Ẹ fi MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, sórí fláàṣì, ẹ ti ibẹ̀ tan ẹ̀rọ náà, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Àṣìṣe kan péré ti tó láti dá a lẹ́bi. Bí RAM méjì bá wà nínú rẹ̀, ẹ yọ ọ̀kan kẹ́ ẹ tún un ṣe, ẹ máa mọ èyí tó ń bà á jẹ́.

Ní àárọ̀, ẹ fún un ní iṣẹ́ tó wúwo fún bí ìṣẹ́jú 20, kẹ́ ẹ sì ṣí HWiNFO, ètò tó ń fi ìwọ̀n ooru hàn, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀ Intel inú láptọ́ọ̀pù máa ń dín iyára wọn kù bí wọ́n bá ti fẹ́ dé 100°C. Bó bá débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ekuru ló wà nínú fáànù tàbí kí ọ̀rá tó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti irin ìtura ti gbẹ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ pa á, ẹ fọwọ́ kan irin kí iná ara yín lè jáde, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ yọ okùn bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù. Bẹ́ ẹ bá ń fẹ́ ekuru náà jáde, ẹ fi nǹkan di abẹ́ fáànù mú kó má yí. Atẹ́gùn tó le lè mú un yí ju bó ṣe yẹ lọ.

8. Ohun tí ẹni àná fi sílẹ̀

Ẹ máa rí fọ́tò ìgbéyàwó, ìwé owó iṣẹ́, àwòrán ọmọ. Ẹ má ṣí wọn. Mi ò ní àlàyé gígùn lórí èyí: bó ṣe jẹ́ pé ẹ ò ní wọ yàrá àlejò yín tú àpò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Kéèyàn pa fáìlì rẹ́ kì í ṣe kó nù. Orúkọ rẹ̀ lásán ló kúrò nínú àkọsílẹ̀, ohun inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan míì á fi gba ipò rẹ̀. Lórí háádì dísìkì oníyíyí, ẹ kọ oódo bò ó látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lórí SSD, kíkọ nǹkan bò ó kò tó, nítorí ẹ̀rọ kékeré inú rẹ̀ ló ń pinnu ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan ń lọ, ó sì lè pa àwọn kan mọ́ síbi tẹ́ ẹ ò lè dé. Ẹ lo àṣẹ Secure Erase tó wà nínú BIOS tàbí nínú ohun èlò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe SSD náà fi síta. Lórí àwọn Mac tó jẹ́ tuntun díẹ̀, Erase All Content and Settings ti tó.

9. Ìwé ara ẹ̀rọ

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ rí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ àti ọjọ́. Ẹ kọ àbùkù pẹ̀lú. Ọ̀gá mi ò kọ́kọ́ fara mọ́ èyí. Ó ní ta ló máa ń polówó ẹ̀gbò ara ọjà rẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé àwọn tó rà á pẹ̀lú "ike igun òsì ti là, bátìrì ku 71" kì í gbé e padà wá, ó dákẹ́. Ìwé yẹn ló ń bá yín ṣe ẹlẹ́rìí.

10. Níwájú oníbàárà

Èyí ni mo pẹ́ kọ́ jù. Obìnrin kan wọlé, ó ní òun fẹ́ láptọ́ọ̀pù tí òun á máa fi tẹ̀wé, tí òun á sì máa fi rí àwọn ọmọ òun sójú lórí fídíò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa káàdì àwòrán. Mo sọ ọ́, mo sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ mi, mò ń bọ̀." Kò padà wá. Ọ̀gá mi wò mí láti ẹ̀yìn tábìlì, ó ní, "Ṣé ẹ̀rọ lò ń tà ni, àbí ò ń fi ìmọ̀ rẹ hàn?"

Láti ìgbà náà, ìbéèrè ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. "Mà, kí lẹ̀ ń lò báyìí, kí ló sì ń bí yín nínú lára rẹ̀?" Ìdáhùn sí èyí máa ń wúlò ju "Ẹ fẹ́ RAM mélòó?" lọ. Bó bá ní ó ń pẹ́ kó tó ṣí, SSD lọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó bá ní ó ń wúwo lọ́wọ́ òun, ẹ gbé èyí tó fúyẹ́ fún un kó gbé e dání wò. Bó bá ní òun kì í rí ohun tó kọ, ojú tó tóbi ló ń wá, ó sì lè jẹ́ pé kí ẹ sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá nínú Settings ni gbogbo ohun tó fẹ́. Mo ti rán èèyàn lọ ilé lọ́wọ́ òfìfo nítorí èyí. Àwọn bẹ́ẹ̀ máa ń mú ẹlòmíì wá.

Ẹ má tà èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn. Ẹ tà èyí tó máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn, ẹ fi owó ara yín rà á bó bá ń dùn yín tó bẹ́ẹ̀.

Bó bá ti sanwó tán, ẹ jẹ́ kó jókòó, kó ṣí àkáǹtì rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ sì yí ojú kúrò nígbà tó bá ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ yan pásíwọ́ọ̀dù fáwọn. Ẹ má gbà. Ẹ tún sọ fún un pé Windows 11 tuntun lè ti inú dísìkì pa fúnra rẹ̀ bó bá ti fi àkáǹtì Microsoft wọlé, àti pé kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 tó ń ṣí i wà nínú àkáǹtì yẹn. Ẹni tó bá gbàgbé àkáǹtì rẹ̀ lè pàdánù gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tó lè gbà á kalẹ̀.

11. Bó bá gbé e padà

"Kò ṣiṣẹ́" kì í ṣe àlàyé, ṣùgbọ́n ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹ ní kó ṣe ohun tó ń ṣe nígbà tó bà jẹ́, níṣojú yín, kẹ́ ẹ má sì gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá kan gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ wá, ó ní íntánẹ́ẹ̀tì ti kọ òun sílẹ̀, gbogbo ojú ewé ló ń sọ pé kò sí ààbò. Mo wo aago tó wà nísàlẹ̀ ojú rẹ̀: ọdún tó ti kọjá tipẹ́tipẹ́ ló wà níbẹ̀. Bátìrì rìbìtì CR2032 orí bọ́ọ̀dù ló ti kú, aago ń padà sẹ́yìn nígbàkígbà tó bá yọ ọ́ kúrò lára iná, ìwé ẹ̀rí ààbò àwọn ojú ewé yẹn ò sì bá ọjọ́ rẹ̀ mu. Ìṣẹ́jú márùn-ún la fi tún un ṣe.

Lẹ́yìn tó lọ, mo ṣí ìwé náà, mo wá nọ́ńbà ẹ̀rọ rẹ̀. Mo ti dán kíbọ́ọ̀dù, dísìkì, RAM àti ooru rẹ̀ wò. Mo mú bíírò, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ ojú ewé kejì: "Yọ iná fún wákàtí kan, tan án, wo aago."